Too Fast for Love ti Mötley Crüe: Àwo Leathür ti 1981 àti Àwo Elektra ti 1982, Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà àwo àtijọ́, tàbí tó wá a lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ra àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ olórin Mötley Crüe yóò tètè rí i pé àwo méjì ni wọ́n ń pè ní orúkọ kan ṣoṣo. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1981 lábẹ́ Leathür Records, ilé iṣẹ́ àwo tí àwọn olórin náà àti alábòójútó wọn, Allan Coffman, dá sílẹ̀ fúnra wọn. Èkejì jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1982 lábẹ́ Elektra, ilé iṣẹ́ ńlá tó gbà wọ́n mọ́ra lẹ́yìn tí òkìkí wọn ti kàn ní àwọn ilé ijó Los Angeles. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, àwòrán iwájú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán, àmọ́ ohùn inú wọn yàtọ̀, bí orin ṣe tẹ̀ léra nínú wọn yàtọ̀, orin kan sì wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì. Láti ìgbà náà ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ yìí ti pín sí ọ̀nà méjì lórí èyí tó dára jù, ó sì yẹ kí olùrà gbọ́ ohun tí apá kọ̀ọ̀kan ń sọ kó tó tọwọ́ bàpò.

Oṣù Kìíní ọdún 1981 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, nítorí náà ọdún kan kò tíì pé tí àwo àkọ́kọ́ fi jáde. Nikki Sixx ló ń ta gìtá báàsì, òun náà ló sì kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn orin náà. Mick Mars ló ń ta gìtá, Tommy Lee ló ń lu ìlù, Vince Neil ló sì ń kọrin. Owó tí wọ́n ní kò pọ̀, àsìkò tí wọ́n lò nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀ kò sì gùn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì darí iṣẹ́ náà. Àwo 900 péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Nígbà tí Elektra gba iṣẹ́ náà, wọ́n gbé e lé Roy Thomas Baker lọ́wọ́, ẹni tó ti bá Queen ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1970, pé kó tún àwọn ohùn náà pò kí ó lè dùn létí àwọn tó ń gbọ́ rédíò. Wọ́n tún àwọn ibì kan kọ, wọ́n sì yọ orin kan kúrò. Láti inú àtúnpò yìí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àwo tí wọ́n ń tà títí di òní ti wá.

Ohùn inú wọn

Ibí yìí ni ìjà ti le jù. Àwọn tó fara mọ́ Leathür sọ pé ohùn ibẹ̀ gbẹ, ó sì sún mọ́ etí. Gìtá Mick Mars ń ha etí, ohùn Vince Neil sì ń jáde láìsí ọ̀ṣọ́ kankan, débi pé ẹni tó ń gbọ́ ọ á máa rò pé òun dúró níwájú ìtàgé ilé ijó kékeré kan ní Sunset Strip, òpópónà ilé ijó ní Los Angeles. Ibi tí ohùn Neil ti fẹ́ yẹ̀ díẹ̀, ibi tí onílù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré ju àwọn yòókù lọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kà sí ara ẹwà àwo náà, nítorí wọ́n gbà pé ẹgbẹ́ tí ebi ń pa tí ó sì ń kánjú ló yẹ kí a gbọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ilé iṣẹ́ ńlá ti wẹ̀ mọ́. Púpọ̀ nínú wọn ló fẹ́ràn orin punk, ìyẹn orin rọ́ọ̀kì oníkánjú tí kò ní ọ̀ṣọ́, tàbí ẹgbẹ́ New York Dolls kí wọ́n tó mọ Mötley Crüe rárá, ìdí nìyẹn tí àìdán ohùn náà kò fi kọ wọ́n lóminú.

Àwọn tó dúró ti Elektra kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Baker fún ìlù Tommy Lee láyè láti mí, pé agogo irin tó ń dún nínú “Live Wire” hàn ketekete, pé àwọn ohùn tó ń gbe Neil lẹ́yìn nínú ègbè fẹ̀ sí i, wọ́n sì wà níbi tó yẹ wọ́n. Wọ́n ní orin bíi “Merry-Go-Round”, tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ kó tó gbóná, nílò irú àyè bẹ́ẹ̀ kí ìbànújẹ́ inú rẹ̀ tó lè wọ ènìyàn lára. Èmi náà gbà pẹ̀lú wọn lórí orin yẹn àti lórí “Starry Eyes”. Ṣùgbọ́n bí ó bá di “Public Enemy #1” àti “Piece of Your Action”, ọ̀dọ̀ Leathür ni mo wà, nítorí agbára àwọn orin méjèèjì wà nínú bí gìtá ṣe ń tì wọ́n síwájú, gìtá náà sì ti rọ̀ díẹ̀ nínú àtúnpò ti 1982.

Apá kẹta wà tí ariwo wọn kò pọ̀, tí wọ́n ń sọ pé ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a ń bá ara wa jà lé lórí. Kí olùrà fetí sí wọn dáadáa, nítorí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn fún ẹni tó máa ń gbọ́ orin láti inú fóònù tàbí ẹ̀rọ etí kékeré. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè má rí ìdí kankan tó fi yẹ kó wá àwo Leathür kiri. Àfi ẹni tó ní ẹ̀rọ tó dára àti sípíkà tó tóbi ló máa gbọ́ ibi tí àwo méjèèjì ti pínyà.

Orin tó wà nínú wọn

Orin mẹ́wàá ló wà nínú ti Leathür, mẹ́sàn-án ló wà nínú ti Elektra. Orin tó sọnù ni “Stick to Your Guns”, inú sì ń bí àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ sí i títí di òní, nítorí pé orin yìí àti “Toast of the Town” ni ẹgbẹ́ náà fi sí àwo kékeré àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1981, kí àwo ńlá tó dé rárá. Wọ́n kà á sí àmì ìbí ẹgbẹ́ náà. Àwọn mìíràn sọ pé orin náà ló rẹlẹ̀ jù nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, pé Elektra kò ṣe búburú bí wọ́n ṣe yọ ọ́. Bí a bá fi etí lásán gbọ́ ọ, kò dára tó àwọn tó yí i ká lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ kan ni a ń sọ, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò fẹ́ gbọ́ ọ.

Bí àwọn orin ṣe tẹ̀ léra tún ṣe pàtàkì ju bí àwọn tó ń tajà ṣe máa ń sọ ọ́ lọ. Nínú ti 1981, “Live Wire” gbé ènìyàn lọ tààrà sínú “Public Enemy #1”, orin tí Sixx kọ pẹ̀lú Lizzie Grey, ẹni tí òun àti Sixx jọ wà nínú ẹgbẹ́ London tẹ́lẹ̀. Eré náà kò sì já. Nínú ti 1982, “Come On and Dance”, tó wà ní ojú kejì rẹ́kọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀, ni wọ́n gbé wá sí ipò kejì, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ sì ń ráhùn pé ó dá ẹsẹ̀ àwo náà dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo fara mọ́ wọn. “On with the Show” ló parí àwo méjèèjì, orin nípa ikú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frankie. Frank sì ni orúkọ tí wọ́n sọ Nikki Sixx nígbà ìbí, nítorí náà ó dàbí ẹni pé ó ń sin ẹni tó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Lórí orin yìí, àwọn apá méjèèjì kì í jà púpọ̀.

Ẹni tí àwo yìí lè má bá lára mu

Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ràn èyíkéyìí nínú méjèèjì, ohùn wọn sì tọ́ sí gbígbọ́. Púpọ̀ nínú wọn mọ ẹgbẹ́ yìí láti inú Dr. Feelgood ti 1989, èyí tí Bob Rock darí, tó sì dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá padà sẹ́yìn sí 1981, ohùn náà á dà bí èyí tó tín-ín-rín létí wọn, wọ́n á sì béèrè ibi tí ìró ńlá náà wà. Ìdáhùn mi ni pé àwo yìí sún mọ́ orin pop oníjìgìjìgì ti àwọn ọdún 1970 ju mẹ́tàlì, ìyẹn orin rọ́ọ̀kì tó le, lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ aláwọ dúdú àti irun rírú ni àwọn olórin rẹ̀ gbé wọ ìtàgé. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ní àkókò yẹn gan-an, wọ́n gba orin “Tonight” ti ẹgbẹ́ Raspberries sílẹ̀, orin ìfẹ́ tí kò ní mẹ́tàlì kankan nínú. Ẹni tí orin adùn bẹ́ẹ̀ bá ń bí nínú, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ “Live Wire” àti “Starry Eyes” léraléra kó tó ra odindi àwo.

Àwọn ará ìta náà kò tètè gbà á. Ipò 77 péré ni àwo Elektra dé lórí àtẹ Billboard, tó ń to àwọn àwo tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà, ó sì di lẹ́yìn ọdún púpọ̀ kó tó gba àmì platinum, ìyẹn fún àwo mílíọ̀nù kan ní Amẹ́ríkà.

Páálí

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìbàdí ẹni tó wọ ṣòkòtò aláwọ ló wà ní iwájú méjèèjì, tí wọ́n fi wo Sticky Fingers ti Rolling Stones ṣe àwòkọ́ṣe. Lẹ́tà pupa ni Elektra fi kọ orúkọ síwájú, àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti Leathür.

Èwo ni kí ẹ rà?

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa náwó, ìmọ̀ràn mi kò lọ sọ́dọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù kankan. Ẹ wá ṣíìdì tí ẹgbẹ́ náà tún gbé jáde ní 1999. Ohùn Elektra ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi “Stick to Your Guns”, “Toast of the Town”, “Tonight”, “Too Fast for Love” pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ mìíràn, àti “Merry-Go-Round” tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí ìtàgé kún un. Kò sí àwo kan tí iye owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tó ń fi ojú méjèèjì hàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ àwọn àwo tó tẹ̀ lé e ní rẹ́kọ́ọ̀dù lè ra àpótí Crücial Crüe ti 2023, èyí tó kó àwo márùn-ún jọ láti 1981 sí 1989.

Ẹni tí ohùn Leathür bá ń pè kò nílò láti ta ohun ìní rẹ̀. Odindi àpòpọ̀ ti 1981 wà nínú àpótí ṣíìdì Music to Crash Your Car To, ìpín kìíní, èyí tó jáde ní 2003, àwọn àwo ẹgbẹ́ náà títí dé 1987 sì tẹ̀ lé e nínú àpótí kan náà. Èyí ni mo máa ń sọ fún àwọn tó ń ronú láti ra rẹ́kọ́ọ̀dù ti 1981 nítorí ohùn nìkan.

Rẹ́kọ́ọ̀dù Leathür gidi jẹ́ ti olùkójọ tó fẹ́ ohun ìtàn lọ́wọ́. Ó wọ́n, ayédèrú rẹ̀ sì wà lọ́jà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò bébà àárín rẹ̀ lójú méjèèjì ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ rí i pé orúkọ Leathür wà níbẹ̀, pé “Stick to Your Guns” tẹ̀ lé “Starry Eyes” ní ojú kejì, àti pé “Come On and Dance” ló tẹ̀ lé e. Ẹ wo àwòrán páálí dáadáa: bí ó bá ṣú bí ohun tí wọ́n yà láti ara àwòrán mìíràn, ẹ fi í sílẹ̀. Bí olùtajà bá sì kọ̀ láti ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí, ẹ má ṣe san owó náà.