Mo sanwó ka ìwé ìròyìn 1901 torí bọ́ọ̀lù Michigan: owó díẹ̀ jóná, àmọ́ mo gbádùn ẹ̀

Ẹ kú ilé o. Àwọn kan ti ń bi mí bóyá ó yẹ kéèyàn sanwó fún àwọn ibi tí wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Oṣù méjì ni mo fi lo tèmi, oṣù kan mo fẹ́ ẹ, oṣù kejì tipátipá ni, màá débẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, èmi ò wá ẹjọ́.

Ypsilanti ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, Ann Arbor, ibi tí Yunifásítì Michigan wà, ò jìnnà sí wa rárá. Tó bá ti di Sátidé lásìkò bọ́ọ̀lù, ẹ má jáde, mọ́tò ò ní rìn, gbogbo ayé á ti wọ búlúù àti yẹ́lò. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá yẹn ni mò ń sọ o, kì í ṣe tiwa. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Shooting Stars ni mo mọ̀. Àmọ́ bàbá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ò jẹ́ kí n sinmi, gbogbo ìgbà ló máa ń sọ pé ní 1901 Michigan gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 11, wọ́n jẹ ayò 550, ẹnikẹ́ni ò sì jẹ ẹyọ kan lára wọn. Mo ní bàbá, ẹ dákun, irọ́ nìyẹn. Ó ní kí n lọ wò ó.

Bí mo ṣe débẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ méje ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, wọ́n sì gba nọ́ńbà káàdì mi kí n tó rí nǹkan kan, ẹ fọkàn síbẹ̀ yẹn. Ojú ìwé ìròyìn ayé ìgbà yẹn fẹ̀ bí ẹní, òpó ọ̀rọ̀ á tò lọ kítikìti, lẹ́tà á wá kéré bí ẹyin iná. Ẹ má fi fóònù kà á, ojú yín á fọ́, kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ lò.

Ibi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀ gan-an ló bí mi nínú jù. Mo tẹ Heston, kò rí i. Willie Heston o, agbábọ́ọ̀lù Michigan tó ń gbé bọ́ọ̀lù sá bí ẹni tí ajá ń lé, tó tẹ̀ lé kóòṣì wọn láti California wá! Ìgbà tí mo fi ojú ara mi wá a ni mo rí i pé ẹ̀rọ wọn tó ń sọ fọ́tò ìwé di ọ̀rọ̀ ti ka e sí c, ó ti di Hcston. Ohun tó wá ràn mí lọ́wọ́ ni pé láyé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń kọ foot ball ní ọ̀rọ̀ méjì, touch-down (kéèyàn gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá àwọn ọ̀tá) sì máa ń ní ìlà láàárín, ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí nǹkan.

Àmọ́ ìgbà tí mo mọwọ́ ẹ̀ tán, ah! Mo pinnu pé màá kà á lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, mi ò ní fo iwájú. September 28 Michigan na iléèwé Albion 50 sí òdo. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e Case gba 57. Indiana 33, Northwestern 29. Kóòṣì Michigan, Fielding Yost, ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀ níbẹ̀ rèé o. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ayò márùn-ún péré ni touchdown nígbà náà, ọ̀kan ni wọ́n ń fún yín tẹ́ ẹ bá gbá a wọlé lẹ́yìn ẹ̀, kò sí pé kéèyàn ju bọ́ọ̀lù síwájú (1906 ni wọ́n tó gbà á láàyè), ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ní láti fi rin yáàdì márùn-ún, agbára lásán ni. Nínú irú bọ́ọ̀lù yìí ni Buffalo ti wá sí Ann Arbor ní October 26, àwọn tó ti na Columbia nínú sáà yẹn kan náà o, Michigan na wọ́n 128 sí òdo.

Èmi ò gbádùn ìyẹn. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ 128 kì í ṣe bọ́ọ̀lù mọ́, ìyà ni. Beloit náà gba 89. Àwọn tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì ni Carlisle, iléèwé àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá gbá ní Detroit, 22 sí òdo, àti Chicago, 22 náà, àti Ohio State nílé wọn ní Columbus, 21 péré. Níbi táwọn yẹn ti dúró tì wọ́n lẹ ti máa mọ̀ pé Michigan mọ̀ ọ́n gbá lóòótọ́.

Wọ́n wá wọ rélùwéè lọ sí Pasadena ní California, níbi tí wọ́n ti bá Stanford gbá ní January 1, 1902, èyí tí wọ́n ń pè ní Rose Bowl àkọ́kọ́ lónìí, ìyẹn bọ́ọ̀lù ọdún tuntun tí wọ́n máa ń gbá níbẹ̀. Stanford yìí kan náà ni Yost ń kọ́ lọ́dún tó ṣáájú, kó tó di pé wọ́n ní ẹni tó bá kàwé jáde níbẹ̀ nìkan ló lè ṣe kóòṣì wọn. Ó wá padà wá fàgbà hàn wọ́n, 49 sí òdo. Neil Snow nìkan jẹ touchdown márùn-ún, àwọn 11 tó bẹ̀rẹ̀ náà ló parí ẹ̀, Michigan ò pààrọ̀ ẹnì kan. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, Stanford ní ó tó, ẹ jẹ́ ká máa lọ ilé. Àwọn tó ṣètò ẹ̀ ò tún gbé bọ́ọ̀lù wá síbẹ̀ mọ́ títí di 1916, ìgbà yẹn ni Fritz Pollard ti Brown di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá a.

Mo wo fọ́tò àwọn 1901 yẹn dáadáa, kò sí dúdú kankan. George Jewett ti gbá fún wọn ní 1890 àti 1892, lẹ́yìn ẹ̀, ó di 1932 kí Willis Ward tó dé. Ogójì ọdún! Bàbá ò mọ ìyẹn, ó dákẹ́ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Mo ní mi ò ṣe mọ́, wọ́n bi mí ní ìbéèrè bíi mẹ́fà, wọ́n wá ní kí n pè wọ́n lórí fóònù, ọ̀sán nìkan ni wọ́n sì ń gbé e, ìgbà tí èmi òṣìṣẹ́ alẹ́ ń sùn. Kí n tó jí dáadáa, wọ́n ti yọ owó oṣù kejì. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù bẹ̀ mí gan-an, àmọ́ kò dá kọ́bọ̀ padà.

Tó bá jẹ́ ti Ann Arbor nìkan lẹ fẹ́, ẹ má sanwó. Ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Michigan Daily, wà lọ́fẹ̀ẹ́, láìbrárì ìlú Ann Arbor náà gbé tiwọn síta, Chronicling America ti Library of Congress, láìbrárì ìjọba Amẹ́ríkà, ò sì gba kọ́bọ̀. Ìdí kan tí mo fi lè ní kẹ́ ẹ sanwó ni ìwé ìròyìn àwọn ọ̀tá, ẹ ka bí ará Buffalo àti ará California ṣe ń sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dùn ju orin lọ. Oṣù kan tó, kẹ́ ẹ sì ti pè wọ́n kó tó parí. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún.

Mo tẹ ojú ìwé ti Pasadena jáde fún bàbá, ó fi ṣẹ́lọ́téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ lọ́kà ẹ̀. Mo ní ṣé kí n tẹ ti November 30, 1905 náà wá, ìgbà tí Chicago fi 2 sí òdo nà wọ́n lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 56 tí ẹnikẹ́ni ò ti borí wọn. Ó ní kí n fi owó mi ra oúnjẹ.