Ta Ló Gbé Igi Páìnì Dé Ògìdì? Àgbéyẹ̀wò Ṣọ́ọ̀bù Tó Ṣe Ojúewé Scrapbook Mi ní Kàbà

Béárì ni ojú mi kọ́kọ́ bá. Béárì aláwọ̀ búráùn kan jókòó sábẹ́ igi páìnì, ó ń juwọ́ sí mi, níbi tó yẹ kí fọ́tò àwọn ọmọ àbúrò mi wà lórí ojúewé scrapbook, ìyẹn ojúewé ìrántí tí wọ́n ń fi fọ́tò ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Òkè orí rẹ̀ ni wọ́n kọ "Ògìdì" sí, gàdàgbà. Mo ní, "Ẹ gbà mí! Ta ló rí béárì rí ní gbogbo ilẹ̀ Ìjùmú?" Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ò tiẹ̀ gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, bó ṣe wà nínú template, àpẹẹrẹ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, nìyẹn. Nature lẹ ní ká ṣe. Nature náà nìyẹn."

Ǹ bá gbé ọ̀rọ̀ náà mì, àmọ́ "nature náà nìyẹn" ò jẹ́ kó dà nínú mi.

N ò ní dárúkọ wọn. Kàbà ò tóbi tó bẹ́ẹ̀, a ṣì máa pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọ́n ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, wọ́n ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri pé àwọn ń ṣe "digital scrapbook". Èyí tí wọ́n kọ kẹ́yìn yẹn ló gbé mi wọlé.

Àwọn ọmọ àbúrò mi wá sílé láti Àbújá nígbà Kérésì, a sì kó wọn lọ wo àpáta Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí ò nílò kí n máa ròyìn àpáta fún un. Ọyẹ́ mú gan-an. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aginjù Sàhárà bo ojú ọ̀run débi pé èèyàn lè wo oòrùn lójú kòrókòró. Wọ́n ti sungbó, ìdí òkè dúdú kirikiri. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ funfun fún eruku títí dé orúnkún. Ohun tí mo fẹ́ kó wà lójúewé náà nìyẹn.

Kí ni ọ̀gá wa ṣe? Ó yọ ọyẹ́ kúrò. Ó gé ojú ọ̀run mi dànù, ó wá fi ojú ọ̀run aláró kan rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ìkùukùu funfun tó wú. Irú ìkùukùu yẹn, inú òjò la ti ń rí i, koríko tó jóná sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀! Mo bi í léèrè. Ó ní, "Mọ́mì, fọ́tò yín ò mọ́ ni, a kàn bá yín fọ̀ ọ́." Fọ̀ kí ni? Ṣé mo sọ fún un pé ọyẹ́ dọ̀tí ni?

Ọ̀rọ̀ fọ́tò fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ó ní kí n fi wọ́n ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, WhatsApp máa ń fún fọ́tò kéré téèyàn ò bá fi í ránṣẹ́ bíi document, ẹ jẹ́ ká fi wáyà gbà á. Ó ní kò sí ìyàtọ̀. Ojúewé tó gùn ní íǹṣì 12, tó sì fẹ̀ ní íǹṣì 12, téèyàn fẹ́ tẹ̀ ní 300 dpi (ìyẹn píkísẹ́lì 300 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan), píkísẹ́lì 3,600 ló ń fẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n tẹ èyí tí wọ́n ní kí n yẹ̀ wò jáde, ojú ọmọ wa obìnrin ti rí bí ẹ̀kọ tí omi wọ̀. Ọ̀gá yẹn náà wò ó. Ó ní, "Ó ń jọ iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán." Mo dákẹ́, torí bí mo bá sọ̀rọ̀, ìjà ni.

Ibi tọ́rọ̀ ti yí padà nìyí. Jẹnẹrétọ̀ kú, ọ̀gá jáde lọ wá bẹntiróòlù. Ọmọbìnrin kan wà nídìí kọ̀ǹpútà kejì tí mi ò tiẹ̀ fiyè sí tẹ́lẹ̀. Láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ ṣì ní bátìrì. Ó ní, "Okun o, mà. Ẹ má bínú. Ṣé àwọn fọ́tò yẹn ṣì wà lórí fóònù yín?" Ó mú wáyà, ó kó gbogbo wọn, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ̀rọ̀. Ó wá bi mí pé, "Mà, èwo lẹ fẹ́ kí ojú kọ́kọ́ lọ bá?"

Látìgbà tí mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan.

Mo ní ẹsẹ̀ àwọn ọmọ lórí àpáta. Ó fi ìyẹn ṣe fọ́tò ńlá, ó kó àwọn tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kékeré. Ó dá ojú ọ̀run mi padà. Mo ní ewé odán kan tí mo já níbẹ̀, tí mo fi há inú ìwé. Ó gbé e sórí skánà, ó fi bébà funfun bò ó, ó wá ń fi máòsì gé etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kòkòrò ti jẹ ihò kan sára ewé náà. Ó fi ihò náà sílẹ̀, èèyàn sì ń rí àpáta láti inú rẹ̀. Ó ní irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní PNG lòun máa fi pa á mọ́, nítorí JPEG á kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní funfun. Lẹ́yìn náà ló ní kí n wo òjìji: nínú fọ́tò ńlá, apá òsì ni oòrùn ti ń wá, àmọ́ òjìji tí template fi sábẹ́ àwọn fọ́tò kéékèèké, apá òsì náà ló dojú kọ. Ó yí gbogbo wọn padà. Èmi ò bá mọ̀.

Ìborùn aṣọ òkè tí mo dà sí èjìká ló yà ní fọ́tò tó fi ṣe ìtẹ́lẹ̀ ojúewé náà. Ó bá a mu, torí Ògìdì ni ìlú Mama Nike Okundaye, ayàwòrán àti aládìrẹ, wọ́n sì mọ ibẹ̀ mọ́ aṣọ híhun.

A kọ "Ọyẹ́ ní Ògìdì" sókè. Fọ́ǹtì oníràngàndan tí ọ̀gá fẹ́ràn sọ lẹ́tà "ẹ́" di àpótí òfìfo. Ọ̀gá ti dé nígbà yẹn, ó ní ká yọ gbogbo àmì kúrò, kò sẹ́ni tí ò ní mọ̀ ọ́n kà. Ọmọ yìí rọra ní, "Ẹ dúró ná, sà." Ó ní lẹ́tà "ẹ" tí kò ní àmì ohùn ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, àmọ́ "ẹ́" ò ní, ńṣe ni wọ́n ń gbé àmì lé e lórí, fọ́ǹtì tí wọn ò bá ṣe fún un á fọ́ ọ. Ó wá fọ́ǹtì Noto ti Google jáde, ọ̀fẹ́ ni, gbogbo àmì sì jókòó síbi tó yẹ.

Mo tẹ ojúewé náà, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ó dára ju bí mo ṣe rò lọ. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń fọwọ́ kan ewé yẹn, wọ́n rò pé ewé gidi ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tó kan owó, ₦6,000 tí a jọ sọ di ₦9,000. Ọ̀gá ní "owó àtúnṣe" ló fi kún un. Àtúnṣe béárì ta ni? Mo tún ní kí wọ́n fún mi ní fáìlì tí layer rẹ̀ (ìpele fọ́tò àti ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan) ṣì ṣí, kí n lè máa fi fọ́tò ọdún tó ń bọ̀ kún un. Ó kọ̀, ó ní tilé-iṣẹ́ nìyẹn. JPEG nìkan ni mo gbé lọ sílé.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti san àsansílẹ̀ fún ojúewé Òkè Patti tí a máa gùn ní Lọ́kọ́ja lásìkò Àjíǹde, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé ọmọbìnrin yẹn ni yóò ṣe é.