Light pad, bébà tracing àbí kábọ̀n: èwo lẹ máa rà fún yíya ewé àti òdòdó?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ewéko bó ṣe rí gẹ́lẹ́, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko fi ń dá igi mọ̀, ẹ má tíì náwó. Nǹkan tí wọ́n ń tà fún dída àwòrán kọ láti orí bébà kan sórí òmíràn pọ̀ lọ́jà, òǹtàjà ò sì ní sọ fún yín pé òmíràn nínú ẹ̀ á ba bébà yín jẹ́.

Kí ló tiẹ̀ dé tá a fi ń dà á kọ? Bébà hot press tó dáa, ìyẹn bébà wọ́tàkọ́lọ̀, gíráàmù 300 (gíráàmù ni wọ́n fi ń sọ bí bébà ṣe nípọn tó), ojú ẹ̀ ń dán, ó sì wọ́n, tẹ́ ẹ bá fi kílínà ha á lọ ha á bọ̀, ojú yẹn á hu irun, wọ́tàkọ́lọ̀ ò ní jókòó síbẹ̀ dáadáa mọ́. Torí ẹ̀ la ṣe ń ya gbogbo jágbajàgba wa sórí bébà pọ́ọ́kú, tó bá ti gún tán a wá gbé ìlà nìkan lọ sórí bébà gidi.

Light pad: pátákó pẹlẹbẹ tó ń tan iná LED, ẹ máa gbé àwòrán lé e, kẹ́ ẹ gbé bébà gidi lé àwòrán, kẹ́ ẹ sì tọ ìlà tó hàn, wáyà USB ló ń lò, páwá báǹkì sì lè gbé e, ìyẹn nìkan ti tó kí ẹni tí NEPA ń yọ lẹ́nu fẹ́ràn ẹ̀. Ó yá, kì í fi dúdú pẹ́ńsù kun gbogbo bébà. Àmọ́ ẹ wo nípọn bébà yín kẹ́ ẹ tó rà á o. Gíráàmù 300 ṣì máa ń gba iná kọjá tẹ́ ẹ bá fi bíró dúdú tọ ìlà ìsàlẹ̀ tẹ́ ẹ sì fa kọ́tìnnì, àmọ́ tó bá jẹ́ 640 lẹ ń lò, owó yín ti wọgbó. A4 náà kéré, ẹ̀ka akòko kan pẹ̀lú òdòdó ẹ̀ á yọ síta, A3 ni kẹ́ ẹ rà bí agbára bá gbé e.

Bébà tracing, ìyẹn bébà tẹ́ ẹ lè rí ìlà ìsàlẹ̀ gba inú ẹ̀, ní tèmi, òun ló yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ rà, kò béèrè iná, kò sì bìkítà bí bébà ìsàlẹ̀ ṣe nípọn tó. Ẹ ra gíráàmù 90, èyí tó fẹ́lẹ́ jùyẹn máa ń fà ya tẹ́ ẹ bá fi kílínà kàn án. Ẹ fi pẹ́ńsù HB tó mú, èyí tí kò le jù tí kò sì rọ̀ jù, da àwòrán yín kọ sórí ẹ̀, ẹ yí i padà, ẹ fi pẹ́ńsù H tó le jù ú lọ díẹ̀ tọ ìlà kan náà láti ẹ̀yìn, ẹ wá dá a padà sójú lórí bébà hot press, kẹ́ ẹ máa fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ o, torí tẹ́ ẹ bá fi 2H tó tún le jù bẹ́ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an á gbẹ́ kòtò síbẹ̀, omi ọ̀dà á sì máa dúró sínú kòtò yẹn. Àwọn kan máa ń fo títọ ẹ̀yìn yẹn, wọ́n á kàn dojú ẹ̀ dé bébà kí wọ́n máa ra á, àwòrán á wá yí padà bíi ti inú dígí. Tó bá jẹ́ iṣu lẹ ń yà, wàhálà dé nìyẹn, torí okùn iṣu funfun àti ti ewùrà, apá ọ̀tún ni wọ́n ń wé sí, èsúrú ní tiẹ̀ apá òsì ló ń wé sí, onímọ̀ tó bá wò ó á ní kí lẹ yà yìí.

Graphite paper (bébà tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù kùn) àti kábọ̀n ọ́fíìsì: òǹtàjà lè pe méjèèjì ní transfer paper, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Kábọ̀n ọ́fíìsì ní àbẹ́là nínú, ìlà ẹ̀ kì í parẹ́, omi ò sì ní mú ibẹ̀. Graphite paper irú ti ilé-iṣẹ́ Saral kò ní àbẹ́là, kílínà ń pa á rẹ́, ẹ sì lè lò ó léraléra. Tó bá jẹ́ kábọ̀n nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kúkú fi pẹ́ńsù 2B tó rọ̀ kun ẹ̀yìn bébà tracing yín, ẹ fi òwú nù ún, ó ti di graphite paper nìyẹn.

Drafting film, ìyẹn bébà oníke tó ń gba iná kọjá, kò bá wọ́tàkọ́lọ̀ lọ, ẹni tó ń fi íńkì dúdú yà ló wúlò fún jù. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ọ̀rinrin kì í mú un ká kò lásìkò òjò bíi bébà tracing, íńkì tó bá sì ṣì, ẹ lè fi abẹ ha á kúrò.

Ti fọ́tò fóònù tẹ́ ẹ fẹ́ kàn gbé sórí light pad, ewé tó sún mọ́ kámẹ́rà á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jìnnà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó yà á, kẹ́ ẹ sì fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Dífáídà inú math set tẹ́ ẹ lò ní sẹ́kọ́ńdìrì ṣì wúlò jù ú lọ, ẹ fi ẹnu kan síbi tí ọrùn ewé ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu kejì sí ṣóńṣó ewé, ẹ gbé e sórí bébà, ó tán. Òdòdó hibiscus ni kẹ́ ẹ tètè wọ̀n, ọjọ́ kan ló máa ń lò kó tó rọ.

Tẹ́ ẹ bá sì lọ ra light pad, ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín, kẹ́ ẹ wo kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá iná ẹ̀ dọ́gba, kẹ́ ẹ sì mi ìdí wáyà ẹ̀ wò bóyá á máa ṣẹ́jú.