Ọdún kan pẹ̀lú áàpù orin kan: ó mọ ohun tí mo gbọ́, kò mọ ohun tí mò ń ṣe

Oṣù méjìlá gbáko ni mo ti fi ń san owó áàpù orin yìí, mi ò fo ẹyọ oṣù kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nípa rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá sáà ti lo ọ̀kan rí ti mọ bí wọ́n ṣe rí: ẹ ó wá orin, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, á máa kọ. Orin pọ́ọ̀pù ni tèmi. Èmi kì í ṣe olórin, mi ò mọ dùùrù tẹ̀, etí nìkan ni mo ní.

Ìdí iṣẹ́ ilé ni áàpù náà ti wúlò fún mi jù. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ aṣọ, ṣẹ́ẹ̀tì márùn-ún fún ọ̀sẹ̀, mi ò sì wo aago mọ́. Orin méjì ni ṣẹ́ẹ̀tì kan. Orin kìíní fún ẹ̀yìn àti iwájú, èkejì fún apá méjèèjì àti kọ́là. Bí orin kẹta bá wọlé tí mo ṣì wà nídìí kọ́là, ijó ni mò ń jó nìyẹn, mi ò lọ aṣọ. Orin mẹ́wàá, iṣẹ́ ti parí. Abọ́ fífọ̀ kì í ju orin mẹ́rin lọ, àfi tí àlejò bá wá.

Kì í kúkú ṣe pé ẹnì kan jókòó wọn orin pọ́ọ̀pù mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Àwo àtijọ́ ló fà á. Àwo oníǹṣì mẹ́wàá tó ń yí lẹ́ẹ̀mejìdínlọ́gọ́rin ní ìṣẹ́jú kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan, àwọn olórin bá gé orin wọn mọ́ ọn. LP, àwo ńlá tó gba orin gígùn, jáde ní 1948, ṣùgbọ́n nígbà tí àwo kékeré tí wọ́n ń pè ní 45 tẹ̀lé e ní 1949, òun ni orin tí rédíò ń lù bá lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta bá di bárakú. Àwo ti kúrò nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, bárakú náà ò kúrò. Ní báyìí, orin tún ń kúrú sí i. Lórí Spotify, ọ̀kan lára àwọn áàpù orin tó gbajúmọ̀, ó dìgbà tí èèyàn bá gbọ́ orin fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí wọ́n tó kà á fún olórin. Ta ló wá fẹ́ fi ìdajì ìṣẹ́jú ta gìtá kó tó la ẹnu? Ègbè ti sáré wá síwájú. Mo rí i lára ṣẹ́ẹ̀tì mi: tó bá jẹ́ orin tuntun nìkan ni mò ń gbọ́, ó ń di méjì àbọ̀ kí n tó parí ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ohun tó ń bí mi nínú. Àbúrò mi obìnrin wá gbé ọ̀dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun àti ọmọ rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́jọ tí kò mọ̀ pé òru wà fún oorun. Ẹyọ orin kan ló ń ràn án, orin dùùrù jẹ́jẹ́ kan tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. A ó tẹ̀ ẹ́ pé kó máa tún ara rẹ̀ lù, a ó ki fóònù mi sẹ́yìn ìrọ̀rí, ọmọ á sùn, ìyá á sùn, èmi náà á sùn. Áàpù nìkan ni kò sùn. Ó ń kà á.

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń ṣa orin fún mi, ogún tàbí ọgbọ̀n, èyí tí wọ́n rò pé màá fẹ́ràn. Mo fẹ́ràn nǹkan náà tẹ́lẹ̀ débi pé mo máa ń jí dè é. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì àlejò mi pé, mo ṣí i, dùùrù ni orin àkọ́kọ́. Dùùrù ni èkejì. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìró òjò. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ìró fáànù, wákàtí kan gbáko, fáànù ṣáá. Mo gbójú sókè wo fáànù tèmi tó ń yí lókè àjà. Nígbà tí ọdún parí tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ohun tí mo gbọ́ ránṣẹ́, wọ́n kí mi kú oríire pé mo wà lára àwọn tó fẹ́ràn onídùùrù náà jù lọ. Ọmọ ti padà sílé rẹ̀ láti ìgbà yẹn, áàpù ṣì gbà pé ọmọ oṣù mẹ́jọ ni mí.

Ohun tó fà á kò le. Ohun tí irú ẹ̀rọ yìí ń kà jù ni orin tí ẹ tẹ̀, iye ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ibi tí ẹ ti fò ó, àti ohun tí àwọn mìíràn tó tẹ orin yẹn tún tẹ̀. Ẹni tó sùn lọ nídìí orin àti ẹni tí orin náà pa lẹ́kún, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà o, wọ́n kàn fi pamọ́ ni: ìgbọ́ ìkọ̀kọ̀, tí ẹ bá ti tàn án, ohunkóhun tí ẹ bá gbọ́ kò ní wọ inú ìwé yín. Ojú ibi mẹ́rin ni mo tẹ̀ kí n tó rí i, ilẹ̀ sì ti ṣú tán nígbà tí mo rí i.

Ní ti ohùn, mi ò ní ẹjọ́. Ẹ lè yan bí orin ṣe máa wọlé, láti 96 kbps títí dé 320; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó ni ohùn ṣe ń dára tó, tó sì ń jẹ dátà tó. Ti 320 yẹn ń jẹ nǹkan bí MB 144 ní wákàtí kan, 96 kò jẹ ju 43 lọ. Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń ké, mi ò mọ ìyàtọ̀ wọn. Lálẹ́ tí gbogbo ilé bá dákẹ́, tí mo fi earpiece oníwáyà sétí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa: ní 96, idẹ tí onílù ń gbá máa ń dún bí omi tó ń hó. Ẹ dáńlóòdù èyí tó tóbi nígbà tí ẹ bá wà nídìí Wi-Fi, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ sì tan èyí tó ń mú ohùn gbogbo orin dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa gbọ́ orin 1985 lọ jẹ́jẹ́, orin 2005 á wọlé tẹ̀lé e bí ẹni ń jà. Nígbà ayé CD, ìdíje ariwo ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe.

Shuffle, èyí tó ń da ètò orin rú, wá ń kọ́? Tí mo bá tẹ odidi àwo, áàpù yìí á dà á rú kó tó bẹ̀rẹ̀, àyàfi tí mo bá sọ pé rárá. Lọ́dún 2021, nígbà tí Adele, olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gbé àwo tuntun jáde, ó rọ Spotify pé kí wọ́n má fi shuffle ṣáájú lórí àwo mọ́, wọ́n sì gbà fún un. Ìròyìn yẹn kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tèmi.

Èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá. Àwo kan wà tí mo fi ń rìn láàárọ̀, orin mọ́kànlá. Ní orin kẹfà ni mo máa ń yà padà sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí i, méje nínú wọn ti di aláwọ̀ eérú. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dún. Mo sì ti dáńlóòdù wọn! Mo kọ̀wé sí wọn, ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé: àdéhùn àwọn àti àwọn tó ni orin ti parí. Ṣé ẹ rí i, owó ilé ni mo ti ń san láti ọjọ́ yìí, mo ń pè é ní ilé mi.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Mo ti san ti oṣù yìí nítorí ṣẹ́ẹ̀tì. Mo sì ti ra CD àwo yẹn, ó wà lórí tábìlì, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, torí mi ò ní ohun tí màá fi lù ú. Àbúrò mi ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó ṣì ní ojú tí wọ́n ń ki CD sí. Ó ní òun ń gbé e bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun àti ọmọ, wọ́n sì máa sùn. Mo ti lọ tan ìgbọ́ ìkọ̀kọ̀ sílẹ̀ dè wọ́n.