Mo Ní Kí Wọ́n Yọ Ilé Ọmọ Ajá Mi: Ohun Tí Ojú Mi Rí ní Ìlọrin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí bóyá kẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo ajá yín kó má bàa bímọ, ìdáhùn mi rèé: bó bá jẹ́ ajá kékeré tó ń gbé inú ilé, tẹ́ ò sì ní i lọ́kàn láti máa fi bí ọmọ tà, ẹ ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ tó bí mo ṣe jẹ́ kó pẹ́. Ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ máa gbé e lé ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Ilé ìtọ́jú ẹranko méjì ni mo dé. Ká ní mo jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ni, ẹ̀rù ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ṣì ń bà mí títí di òní.

Dúdúyẹmí ni orúkọ rẹ̀. Lhasa dúdú ni, irú ajá kékeré onírun gígùn kan, kò ga ju ojúgun mi lọ. Mo rà á ní oṣù kẹta 2023, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni. Tanke la ń gbé, ilé alájọgbé tó ní ọgbà àti géètì, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ géètì náà ṣí sílẹ̀ débi tí ológbò lè gbabẹ̀ kọjá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, mo rí ẹ̀jẹ̀ tó kán tótótó lórí táìlì. Mo rò pé ó fi ẹsẹ̀ gún nǹkan ni. Mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, n kò rí ojú ọgbẹ́ kankan. Aládùúgbò mi kan tó ti ń sin ajá tipẹ́ ló là mí lójú pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí wá akọ nìyẹn, pé ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dẹwọ́, àti pé bíi oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni yóò máa padà wá.

Bó ṣe rí nìyẹn lóòótọ́. Ìkejì bọ́ sí oṣù kẹta 2024, inú ààwẹ̀ Rámádánì gan-an. Àwọn akọ ajá tí n kò rí rí ní àdúgbò wa dé. Mo kà wọ́n lóru ọjọ́ kan, méje ni, wọ́n sùn sẹ́nu géètì bí ẹni tó ń ṣọ́dẹ. Àlàájà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa máa ń jáde lọ sí mọ́ṣáláṣí ní ìdájí. Lọ́jọ́ kan, imú ọ̀kan nínú àwọn ajá náà kan aṣọ wọn, ni wọ́n bá padà sílé lọ pààrọ̀ aṣọ, ìrun àsùbáà sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọn ò pariwo. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wá kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n ní, “Màmá Tóbi, n kò ní kẹ́ ẹ má sin ajá o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe sí èyí.” Ojú tì mí. Ká ní wọ́n bú mi ni, kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta sígbà yẹn, ajá ìbílẹ̀ kan tó tóbi tó ewúrẹ́ fo ògiri wọlé. Ìgbálẹ̀ ni mo fi lé e jáde. Lẹ́yìn náà ni dókítà wá sọ fún mi pé bí irú ajá ńlá bẹ́ẹ̀ bá gun ajá kékeré, orí ọmọ lè tóbi ju ọ̀nà tó máa gbà jáde lọ, kí ìyá máa rọbí títí, kó sì di pé wọ́n ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó lè gbà á. Ó tún sọ ti kókó kan tó máa ń yọ lójú ara ajá, tó sì ń ràn láti ara ọ̀kan sí èkejì bí wọ́n bá ti gun ara wọn. Ó ní ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ajá tó ń rìn káàkiri ìgboro.

Kí ló wá dá mi dúró látọdún àkọ́kọ́? Ọ̀rọ̀ kan tí màámi sọ ni. Mo pè wọ́n ní Òmù-Àrán pé mo fẹ́ kí wọ́n yọ ilé ọmọ Dúdúyẹmí. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, “Ṣé o fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ di àgàn ni? Jẹ́ kó bí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kóun náà fọwọ́ pa ọmọ lára.” Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá Tóbi. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dún létí. Ó ń ṣe mí bíi pé èmi ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe ohun tí mo gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run má ṣe é fún mi. Mo pa ọ̀rọ̀ náà tì.

Ajá àbúrò mi ló jí mi lójú oorun. Ọ̀fà ló ń gbé, ajá rẹ̀ náà kéré, ó ti pé ọmọ ọdún méje, kò bímọ rí. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tó wá akọ tán, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Inú wọn dùn. Wọ́n ní akọ kan ti rí i gùn láìjẹ́ pé àwọn mọ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀ fún un, wọ́n ń ka ọjọ́. Ṣùgbọ́n ó ń mu omi bí ẹni pé kànga wà nínú rẹ̀, ó ń tọ̀ ṣáá, kò sì jẹun mọ́. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n ra oògùn ibà. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, kò lè dìde. Wọ́n rò pé oyún ni, àṣé ọyún ni. Ilé ọmọ rẹ̀ ti kún fún ọyún, ẹnu rẹ̀ sì pa dé, kò sí ibi tó máa gbà jáde. Ó kú lóru ọjọ́ yẹn. Àìsàn yìí kì í ṣe ohun àjèjì lára abo ajá tí wọn ò yọ ilé ọmọ rẹ̀, bó bá sì ti ń dàgbà ló ń súnmọ́ ọn sí i. Ajá tí kò bá ní ilé ọmọ mọ́, níbo ni ọyún máa dúró sí?

Ẹnì kan tó ń ta ọmọ ajá dá ọgbọ́n mìíràn fún mi, pé kí n lọ gba abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó wá akọ, bí ìfètòsọ́mọbíbí. Ẹ má gbà á. Dókítà tó wá ṣe é fún mi ní abẹ́rẹ́ yẹn gan-an lè dá ọyún inú ilé ọmọ yìí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ilé ìtọ́jú méjèèjì. N ò ní dárúkọ wọn. Ní ti àkọ́kọ́, n kò tíì jókòó tán tí ọkùnrin náà ti ń sọ iye owó. Kò wọn ajá náà wò. Kò bi mí bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán lára Dúdúyẹmí lọ́jọ́ yẹn, ó ní kò burú, òun lè ṣe é lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo béèrè pé, “Ẹ ò ní yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ni, sà?” Ó ní ajá tó ń fò kiri báyìí kò nílò àyẹ̀wò. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi, mo jáde.

Dókítà kejì, obìnrin ni. Ìwé ẹ̀rí Veterinary Council of Nigeria wà lára ògiri rẹ̀ níbi tí ojú ti lè kà á. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta tí ajá náà bá ti wá akọ tán, torí àsìkò tó ń wá akọ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ilé ọmọ máa ń wú, ẹ̀jẹ̀ sì lè ya bí omi. Nígbà tí mo padà lọ ní oṣù kẹfà, ó wọ̀n ọ́n, kílò 5.4. Ó ṣí ètè rẹ̀ sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ èrìgì rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, “Màmá, èyí ti funfun jù fún mi.” Ó gba ẹ̀jẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó jẹ́ 29, ó sì yẹ kó tó 37 ó kéré tán. Ibà eégbọn ni, ajá mi kò sì ṣe bí ẹni tó ń ṣàìsàn rárá. Ó kọ̀, kò ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó tọ́jú ibà náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún ẹ̀jẹ̀ wò, ó ti di 38, ó tó wá dá ọjọ́. Mo rántí ọkùnrin tó ní kò nílò àyẹ̀wò, ara mi bù máṣọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, oúnjẹ dúró ní agogo mẹ́wàá, omi títí di ìdájí. Kẹ̀kẹ́ márùn-ún ló kọ̀ fún wa ní Tipper Garage nígbà tí wọ́n rí imú ajá nínú apẹ̀rẹ̀. Mo fi ìborùn bo apẹ̀rẹ̀ náà kí ẹ̀kẹfà tó gbé wa. Ẹ tètè jáde bẹ́ ẹ bá ń lọ.

Dókítà gbà mí láyè láti máa wò lójú fèrèsé. Abẹ́rẹ́ méjì, ó sùn, ahọ́n rẹ̀ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Wọ́n fá inú rẹ̀, wọ́n to ike omi gbígbóná tí wọ́n fi tówẹ̀lì wé sí ìhà rẹ̀ méjèèjì, torí ara ajá kékeré máa ń yára tutù bó bá sùn báyìí. Iná lọ láàárín iṣẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí jẹnẹrétọ̀ fi dún, ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà kò kúrò lójú ibi tó wà, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ sì ti tan tọ́ọ̀ṣì kí iná tó dé. Nǹkan bíi wákàtí kan ni gbogbo rẹ̀. Ó fi ohun tó yọ hàn mí nínú abọ́ irin. Ilé ọmọ ajá kò rí bí tiwa, ó yà sí méjì bí ẹ̀ka igi, ilé ẹyin kọ̀ọ̀kan wà ní ṣóńṣó rẹ̀, kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Mo wò ó pẹ́. Mo bi í ní ọ̀rọ̀ màámi. Ó ní kò sí àǹfààní kankan tí bíbí lẹ́ẹ̀kan ń ṣe fún ara ajá, pé ajá kì í jókòó ro ọmọ tí kò bí. Ohun tó dùn mí ni èyí tó sọ tẹ̀ lé e: ká ní mo ṣe é kó tó wá akọ rárá, tàbí kí ìkejì tó dé, ìyẹn ni ì bá dín ewu kókó ọmú kù jù lọ. Ìfàsẹ́yìn tèmi ló mú ìyẹn lọ.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú ilé ìtọ́jú rere yìí náà wà. Wọn ò fún wa ní ike tí wọ́n ń fi sọ́rùn ajá kó má bàa lá ojú abẹ, wọ́n ní ó ti tán. Ní ọjọ́ kẹrin, mo jí bá okùn méjì tó ti já, omi pupa ń sun. Wọ́n tún un rán láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kó ṣẹlẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì Tóbi àtijọ́ ni mo fi gbà á sílẹ̀: mo wọ̀ ọ́ fún un, mo so ìdí rẹ̀ ní kókó lókè ìrù, kò rí inú rẹ̀ lá mọ́. Ní ọjọ́ kejìlá, wọ́n tú okùn. Bí ará ilé bá ní kẹ́ ẹ fún un ní ibuprofen yín nítorí ìrora, ẹ má gbà o, májèlé ni fún ajá. Èyí tí dókítà bá fún yín ni kẹ́ ẹ lò.

Gbogbo owó rẹ̀, àti àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ibà, jẹ́ ₦72,000 ní 2024. Iṣẹ́ abẹ nìkan jẹ́ ₦55,000. Owó gidi ni fún mi, oṣù méjì ni mo fi tu ú jọ.

Láti ìgbà náà, ó ti sanra. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó wọ̀n kílò 6.7, torí ara tí kò wá akọ mọ́ kì í jó oúnjẹ bíi ti tẹ́lẹ̀, èmi sì ń bu iye kan náà fún un. Mo ti dín ìrẹsì rẹ̀ sí ìdajì agolo mílíìkì, mo sì ń mú un rìn ní ìrọ̀lẹ́. Dókítà ti kìlọ̀ pé àwọn ajá kan máa ń tọ̀ sára lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, pàápàá àwọn ajá ńlá, ṣùgbọ́n kò tíì ṣẹlẹ̀ sí tiwa. Rámádánì 2025 wá, ó lọ, kò sí ajá kankan lẹ́nu géètì, Àlàájà sì fi mọ́sà ránṣẹ́ sí wa.

Màámi wá lo ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú wa lẹ́yìn ààwẹ̀ náà. Wọn ò sọ̀rọ̀ kankan nípa rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, Dúdúyẹmí fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn bó ti máa ń ṣe, irun rẹ̀ ti hù bo inú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka wá ojú àpá náà káàkiri títí wọ́n fi rí i. Wọ́n ní, “Báyìí ló kéré mọ?”