Máàpù Àtijọ́ Tí Wọ́n Tún Tẹ̀: Ohun Tó Ṣe Fún Mi Lórí Ìtàn Ìdílé

Nínú gbogbo ohun tí mo ti fowó rà láti fi tọpinpin ìran ìyá ọkọ mi, máàpù bébà yìí ló ṣe mí láǹfààní jù. Ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá ti wá, àdúgbò tí àwọn baba ńlá wọn gbé kò sì sí mọ́. Títì ńlá ló gba ibẹ̀ kọjá báyìí.

Ordnance Survey, ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1791, ló ya ojúlówó rẹ̀, irú èyí tí ínǹṣì 25 dúró fún máìlì kan. Àwọn atẹ̀wé òde òní ló tún un tẹ̀. Wọ́n dín in kù kó lè ṣeé ká, wọ́n sì kọ ìtàn àdúgbò náà sẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn oníṣòwò ìgbà náà. Ẹ̀yìn yẹn nìkan tó owó tí mo san.

Ojú rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Gbogbo ilé ló ní ìrísí tirẹ̀, títí dé ibi tí pọ́ǹpù omi wà. Oko kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, iye éékà rẹ̀ sì wà lábẹ́ nọ́ńbà náà.

Ìwé ìkànìyàn 1881 sọ pé iṣẹ́ gáàsì ni bàbá ilé náà ń ṣe, ó sì dárúkọ àgbàlá tí wọ́n ń gbé. Mo ti ka ìlà yẹn títí, kò yé mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí máàpù ni mo ti rí i pé àgbàlá kóńkó ni, ilé yí i ká, ọ̀nà tóóró kan ló wọ ibẹ̀, pọ́ǹpù kan ṣoṣo ló sì wà fún gbogbo wọn. Àwọn àgbá gáàsì ràgàjì wà lẹ́yìn ògiri wọn. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n sin ní kékeré.

Kò sí nọ́ńbà ilé lórí rẹ̀ o. Ẹsẹ̀ akànìyàn ni kí ẹ tẹ̀ lé: ẹ wo òpópónà tó kọ ṣáájú àti èyí tó kọ tẹ̀ lé e, kí ẹ wá ilé ọtí tó wà ní kọ́nà, P.H. (Public House, ìyẹn ilé ọtí) ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀. Ìwé ìkànìyàn sábà máa ń dárúkọ ilé ọtí, nítorí náà láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti ka ilé lọ.

Àléébù rẹ̀ ni pé lẹ́tà ti kéré jù. Láìsí awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ojú á ro èèyàn. Àdúgbò wa tún bọ́ sí etí ìwé, mo ní láti ra èyí tó kàn án. Ẹ yẹ atọ́ka tó ń fi ibi tí máàpù kọ̀ọ̀kan dé hàn wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ sì wo ìsàlẹ̀ fún ọdún tí wọ́n wọn ilẹ̀ náà, torí ó lè ṣáájú ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè Scotland ti gbé ọ̀pọ̀ máàpù wọ̀nyí sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì ń lò ó dáadáa. Àmọ́ nígbà tí mo tẹ́ bébà yìí sórí tábìlì níwájú ìyá, wọ́n gbé ìka lé ojú irin, wọ́n sì ń dárúkọ àwọn ará ibẹ̀ tí n kò gbọ́ rí.

Bí agbára bá ká a, ẹ ra àtẹ̀jáde méjì ti ojú ilẹ̀ kan náà, tí ọdún wọn yàtọ̀. Èkejì ló fi hàn mí pé wọ́n ti wó àgbàlá náà kí ìkànìyàn 1911 tó dé. Abájọ tí n kò fi rí wọn níbẹ̀. Nínú máàpù tó kàn án ní ìlà-oòrùn ni mo ti ń wá wọn báyìí.