Lémúrì àti tásíà: èwo ló sún mọ́ wa jù?

Ẹranko orí igi tó jẹ́ ìbátan ọ̀bọ ni lémúrì àti tásíà. Àwọn méjèèjì lójú ńlá, ọ̀pọ̀ wọn sì ń jẹ̀ lóru, ìyẹn ló ń da àwọn èèyàn láàmú. Imú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ti lémúrì, ọmọ Madagásíkà, máa ń tutù bíi ti ajá. Ti tásíà, tó ń gbé Filipíìnì àti Indonéṣíà, gbẹ bíi tiwa.

Awọ kan wà nínú ẹyinjú ọ̀pọ̀ lémúrì, lápá ẹ̀yìn, tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, kí wọ́n lè ríran lókùnkùn. Tásíà kò ní in. Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi tóbi gan-an: ẹyọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọpọlọ rẹ̀, kò sì lè yí nínú ihò rẹ̀. Ọrùn ló ń yí, ó tó 180 dígírì.

Lémúrì ń ṣe fítámì C lára. Tásíà kò lè ṣe é, àwa náà kò lè ṣe é. Lójú tiwa, ẹ̀rí yìí lágbára ju ìrísí lọ: ẹ̀ka ọ̀bọ àti ènìyàn ni tásíà wà.